Ọpẹ́ Lẹ́nu Ihò Òkété

Ààlọ́ o! Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó gbé e mì kó tó bá mi gbe orin.
Ààlọ̀!

Ìyá Ológbò fẹ́ràn ẹja, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù omi. Kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn ìwọ̀ ló fi ń fa ẹja jáde láti etí odò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, eyín kẹ̀kẹ́ náà kán. Ó mú orin bọ ẹnu:

Ta ni yóò bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe?
Ká a, ká a.
Ọmọ mi ò jẹun àná.
Ká a, ká a.

Àkókó fi igi gbẹ́ eyín fún un. Omi wọ̀ ọ́, ó wú. Òòrẹ̀ fún un ní ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀. Ni Ìyá Ológbò bá kọrí sílé Òkété. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn.

"Bàbá, ẹ gbà mí!"
"Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sún sẹ́yìn."

Òkété wọ́ kẹ̀kẹ́ wọlé. Ó fi eyín gé èèpo èkùrọ́ títí ó fi bá ibi tó kán mu, ó sì fi ìrù ti kẹ̀kẹ́ síta.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọmọ ti yó. Ológbò gbé orí ẹja lọ sẹ́nu ihò.

"Bàbá, ẹ jáde, kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."
"Ẹ kúnlẹ̀ síbẹ̀, ìyá ọmọ. Ọpẹ́ yín ń dé inú ilé."

Ológbò kúnlẹ̀ tọkàntọkàn. Títí dòní, bí ẹ bá rí ológbò tó lóṣòó sẹ́nu ihò, ẹ má pè é ní ọdẹ. Ó ń dúpẹ́ ni. Òkété náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì jáde.