Ọgbà Bòtujẹ̀ tó wà láàrin Ìjàpá àti Ẹtu

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí oorun ń kùn, kó fi etí kan sùn, kó fi èkejì gbọ́. Àlọ́ mi gbéra, ó lọ gbọọrọ, kò yà sílé ọba, kò yà sọ́jà. Ẹ̀bá ọgbà ló já sí, ó bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbẹ̀ pẹ̀lú Ẹtu aládùúgbò rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí bí Ìjàpá ṣe ń fa orí wọlé wéré tó bá gbúròó àdá? Ẹ ṣáà máa rò ó. Ẹ óò rí ìdáhùn kí n tó dákẹ́.

Ọgbà bòtujẹ̀ kan wà láàrin ilé Ìjàpá àti oko ẹ̀wà Ẹtu. Ìyá Ẹtu ló gbìn ín kó tó kú. Lórí ààlà náà, igi pèrègún kan dúró bí ẹlẹ́rìí. Ní ìlú ẹranko, ẹni tó bá fọwọ́ lé pèrègún ààlà, tó sì sọ̀rọ̀ lójú àwọn aládùúgbò, ọ̀rọ̀ ti dúró nìyẹn, kò ṣeé kó jẹ mọ́.

Bòtujẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí òjò ṣáà rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á ti kún dí ojú ọ̀nà. Lọ́dún tí ìyá Ẹtu kú, Ẹtu lọ bá Ìjàpá.

"Bàbá Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ọgbà wa ti kún. Ẹ jẹ́ ká jọ gé e."

"Ọgbà wa bí ti báwo? Ṣé èmi ni mo gbìn ín ni?"

Iṣẹ́ ni Ìjàpá kò fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má baà tún yọ ọ́ lẹ́nu, ó pe gbogbo aládùúgbò jọ, ó fọwọ́ lé pèrègún, ó dárin, wọ́n sì ń gbè é:

Ọgbà yìí, ta ló gbìn ín?
Pèrègún gbọ́.
Ìyá Ẹtu ló gbìn ín.
Pèrègún gbọ́.
Ọmọ rẹ̀ ni yóò gé e.
Pèrègún gbọ́.
Tèmi kọ́, tèmi kọ́ láéláé.
Pèrègún gbọ́.

Orin náà dùn. Àwọn ẹranko kọ ọ́ lọ sílé, wọ́n ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, Ẹtu nìkan ló ń gé ọgbà, apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan ló sì ń gé, nítorí Ìjàpá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú àdá wọ àgbàlá òun. Bòtujẹ̀ wá fẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìjàpá, ó bo ilé ìdáná rẹ̀, ó bo ẹnu ọ̀nà. Ìjàpá ní òjìji náà tutù, ó dára fún oorun ọ̀sán.

Nígbà tó yá, Ẹtu bímọ. Àdùfẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Bí ó bá sùn, Ẹtu á gbé etí sí imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Bí ó bá jí, á máa wò ó bóyá ó yó. Kò ráyè gé ọgbà lọ́dún yẹn. Ọkàn rẹ̀ wà lára poro ẹ̀wà mẹ́ta tó wà lẹ́bàá ọgbà. Ẹ̀wà yẹn ni òun àti ọmọ yóò fi la ìgbà ìyàn kọjá. Kò sí òmíràn.

Ìjàpá yọjú lójú ọgbà, ó rí ẹ̀wà tó ń gbó bọ̀. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Nígbàkigbà tí Ẹtu bá pọn ọmọ lọ sódò, Ìjàpá á fa ẹ̀ka bòtujẹ̀ kan, á tẹ̀ ẹ́ sórí poro ẹ̀wà, á fi igi ẹlẹ́ka méjì kàn án mọ́lẹ̀. Yánníbo rí i.

"Baálé mi, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tọ́jú ọgbà mi."

"Ọgbà yín? Láti ìgbà wo?"

"Yánníbo, iná ọbẹ̀ rẹ ń kú lọ."

Ẹ̀wà gbó. Ẹtu gbé agbọ̀n dé, ó bá Ìjàpá lábẹ́ ẹ̀ka, agbọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Àdùfẹ́, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ wá kí mi ni?"

"Bàbá Ìjàpá, ẹ̀wà mi ni mo wá ká."

"Ẹ̀wà tí ọgbà mi ṣíji bò? Ibi tí ọgbà mi bá dé, ibẹ̀ ni ilẹ̀ mi dé."

Ẹtu fọwọ́ kan ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún kì í ká ẹ̀wà. Ó lọ ké sí Bàbá Erin, olórí àdúgbò.

Ọ̀sán gangan ni Erin dé, gbogbo aládùúgbò tẹ̀ lé e.

"Ìjàpá, òfin wo lo dì mú?"

"Bàbá, òfin mi kò le. Ibi tí òjìji ọgbà bá dé lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ àti ohun tó wà lórí rẹ̀, olọ́gbà ló ni ín."

"O fara mọ́ ọn, bó ti wù kó já sí?"

"Mo fara mọ́ ọn. Ọwọ́ mi rèé lórí pèrègún."

Ẹtu wo òjìji. Ó bo poro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń tẹ̀ lé òjìji náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù, ó yí pèrègún po, ó dé apá kejì. Ó dúró. Òjìji bo ilé ìdáná Ìjàpá. Ó bo ẹnu ọ̀nà. Ó bo òrùlé látòkè délẹ̀.

Ẹtu padà wá. "Bàbá Ìjàpá, ẹ má bínú, ta ni olọ́gbà?"

"Èmi ni!"

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi."

Ìgbín, tí kì í yára ṣe ohunkóhun, na ìwo rẹ̀ jáde, ó rọra dárin: "Ọgbà yìí, ta ló gbìn ín?"

Kí èrò tó rò ó, wọ́n ti gbè é: "Pèrègún gbọ́!" Wọ́n kọ ọ́ títí dé ìparí. Àdùfẹ́ sùn lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nítorí orin oorun rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dé "Tèmi kọ́ láéláé," Ìjàpá já ọwọ́ kúrò lára pèrègún bí ẹni tí iná jó.

Erin rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń lù ú lójú. "Ìjàpá, ẹ̀ẹ̀mejì lo fọwọ́ lé pèrègún. Lákọ̀ọ́kọ́, o ní ọgbà kì í ṣe tìrẹ, ti Ẹtu ni. Lẹ́ẹ̀kejì, o ní olọ́gbà ló ni ibi tí òjìji bá dé. Ta ló wá ni ilé tí ò ń gbé?"

Yánníbo ti ń di ẹrù. "Mo bi yín," ó ní, "ẹ ní iná ọbẹ̀ mi ń kú lọ."

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Ìyá Àdùfẹ́, ẹ ṣàánú mi. Ará ilé yín ṣáà ni mí."

"N kò fẹ́ ilé yín," Ẹtu dáhùn. "Ẹ̀wà mi ni mo fẹ́. Ẹ máa sùn nílé yín, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ọgbà bá kún, apá méjèèjì lẹ óò máa gé."

Ẹtu ká ẹ̀wà rẹ̀, ó sè é, ó jẹ àjẹyó. Ọyàn rẹ̀ kún. Àdùfẹ́ mu ún títí ó fi ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Ìjàpá gé ọgbà lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, Ẹtu ké sí i pé, "Bàbá Ìjàpá, àdá rèé o!" Ìjàpá kó sábẹ́ bòtujẹ̀, ó fa orí wọlé, ó fa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọlé, ó ṣe bí òkúta. Ẹtu wá a títí. Ó rí òkúta kan tó rí rogodo, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá lórí rẹ̀: kẹrẹrẹ, kẹrẹrẹ. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, n kò lè sọ. Ìjàpá kò jẹ́ ké, nítorí bí ó bá ké, iṣẹ́ dé.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi ní ilà títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé abẹ́ ọgbà olọ́gbà la ti ń bá a, tó bá sì ti gbúròó àdá, orí á wọlé.

Ibi tí àlọ́ bá mi dé ni mo bá a dé. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀wà tí mo rẹ sílẹ̀ má jinná lọ́la. Bí òótọ́ ni, kí ó hó lẹ́ẹ̀mẹta: hó, hó, hó.