Olóòlà Kọ Róòsì Nílà

Títa ríro là á kọlà. Bó bá jinná tán ní í doge. Bàbá Ògúndìran, olóòlà àdúgbò wa, kì í fi òwe yìí ṣeré. Láti ìgbà tí wọn kò ti gbé ọmọ wá kọ ilà mọ́, òwe náà nìkan ló kù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Morónmúbọ̀, opó àbúrò rẹ̀, ní igi róòsì kan tí ọkọ rẹ̀ gbìn síwájú ilé kó tó kú. Igi náà ga dé òrùlé, kò yọ òdòdó mọ́. Bàbá pọ́n ọ̀bẹ, ó gé e kù sí ìwọ̀n orúnkún.

Morónmúbọ̀ figbe ta. "Bàbá, ẹ pa mí o! Ohun tí àbúrò yín fi sílẹ̀ fún mi náà lẹ bẹ́ lórí yìí?"

Ó sunkún títí, ó sì dá oúnjẹ alẹ́ tó máa ń gbé fún Bàbá dúró. Bàbá gba kámú, ó ń mu gààrí.

Nígbà tí òjò dé, róòsì náà rúwé, ó yọ òdòdó pupa yòò. Morónmúbọ̀ gbé iyán wá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú."

Bàbá kọ́kọ́ ṣí ọbẹ̀ wò, ó rí ẹran.

"Ìyàwó, gbogbo ẹni tí mo kọ nílà ló sunkún. Róòsì yìí nìkan ló dákẹ́. Ìwọ lo bá a sun ún."