Giramafóònù Bàbá Olóyè

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Olóyè Fátúnbí fi agbára gba oko kòkó lọ́wọ́ Adúnbí, opó. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Nígbà ìrántí bàbá náà, ó ní kí wọ́n tún giramafóònù rẹ̀ ṣe, kí gbogbo ìlú lè gbọ́ àwo tí olórin fi kì í.

Oníṣẹ́ kan pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀, àwo ń yí. Olórin ki bàbá títí, ó wá ní: "Má gbàgbé Oyèdòkun tó fún ọ nílẹ̀ dáko kòkó, tí ò ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún."

Ẹnu ya gbogbo ìlú.

"Yéè! Bàbá ọkọ mi nìyẹn!" Adúnbí kígbe.

"Ẹ pa giramafóònù yẹn!" Olóyè jágbe.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n tún un ṣe, Olóyè," oníṣẹ́ náà dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, Adúnbí ló ká kòkó.