Fọ́tò Tí Lánipẹ̀kun Kò Sí Nínú Rẹ̀

Nígbà tí fọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa, ayàwòrán kan wà ní Ìsàlẹ̀-Àpáta tó ń jẹ́ Ọdẹ́táyọ̀. Ọdẹ ni baba rẹ̀. Òun náà mọ igbó bí ẹni mọ ilé, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló ń gbé kọ́ èjìká dípò ìbọn. Ohun tó bá rí níbi fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìkómọ, gíláàsì tí àwòrán ń dúró sí nínú kámẹ́rà ló fi ń rà, kó lè ya ìrì orí ewé, kó ya odò, kó ya ẹyẹ.

“Ọdẹ́táyọ̀, ṣé ewé ti wá gba fọ́tò rẹ̀?” Báyìí làwọn aládùúgbò ṣe máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

“Ó ní kí n ṣì bá òun fi pamọ́,” lòun náà máa ń dáhùn.

Ilé Lánipẹ̀kun ló ń gbé. Lánipẹ̀kun yìí ló gba igbó ìlú lọ́wọ́ àwọn tálákà tó ń dáko níbẹ̀, tó ń gé igi rẹ̀ tà. Ìjòyè kankan kò bi í léèrè, nítorí ẹnu tó ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Nígbà tí oyè kan òun náà, ó ní kí Ọdẹ́táyọ̀ ya òun níbi tí òun ti fẹsẹ̀ tẹ ìrókò tí wọ́n gé lulẹ̀. Lójúde ọba, lójú gbogbo ayé, ni wọn yóò ti ṣí aṣọ lójú fọ́tò náà.

Gíláàsì kan ṣoṣo tí kò tíì lò ló kù lọ́wọ́ Ọdẹ́táyọ̀. Ó ti kó orí sábẹ́ aṣọ dúdú kámẹ́rà nígbà tó gbọ́ ìró ìyẹ́. Ìrókò kan ṣẹ́kù lóòró lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn oyè ni wọn yóò gé òun náà. Akọ àtíòro bà lé e, èso lẹ́nu rẹ̀. Abo rẹ̀ wà nínú ihò igi. Ó ti fi ẹrẹ̀ dí ara rẹ̀ mọ́ inú ilé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn nígbà ìsàba, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ọdẹ́táyọ̀ mọ̀ pé bí òun bá yí kámẹ́rà, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó yí i.

“Ṣé o ti yà á?” Lánipẹ̀kun bèèrè.

“Mo ti yà á, bàbá.”

Lọ́jọ́ oyè, wọ́n ṣí aṣọ. Ẹyẹ ni wọ́n rí. Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá tó bí Lánipẹ̀kun, fi ọ̀pá tọlẹ̀ dé ìdí fọ́tò náà, ó wò ó títí.

“Lánipẹ̀kun, abiyamọ ló wà nínú igi yìí. Ṣé ìwọ lo fẹ́ wó ilé lé e lórí?”

Ọba ní àáké kò gbọdọ̀ kan igi náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, Lánipẹ̀kun ti ní kí wọ́n kó ẹrù ayàwòrán síta. Ẹní kan àti ìkòkò kan ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ẹ̀wù tó ti ṣá. Ìyókù, àpótí gíláàsì lórí àpótí gíláàsì ni: ewé, odò, òjò, ẹyẹ. Èrò pé lé e lórí.

“Ẹ wá wo ọrọ̀ ọkùnrin,” Lánipẹ̀kun ń rẹ́rìn-ín. “Ó ní ẹyẹ rẹpẹtẹ, kò ní ilé.”

Ìyá Àwẹ̀ró yọ gíláàsì kan, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ìrókò ńlá kan hàn nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí ọmọ rẹ̀ ti gé.

“Ohun tí òun fẹ́ràn ló kó jọ yìí,” ó ní. “Tìrẹ dà? Mú wa lọ sínú igbó, ká lọ wo kùkùté.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Lánipẹ̀kun. Àwọn tí Lánipẹ̀kun gba oko lọ́wọ́ wọn ló gbé àpótí náà rù, tí wọ́n sì fún Ọdẹ́táyọ̀ níbi tí yóò sùn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ohun tí ẹnì kan fi ayé rẹ̀ kó jọ, ti máa ń sọ pé: ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.