Ìdí Tí Wàrà Kì Í Fi Yọ́ Lórí Iná, Tí Hóró Kòkó Sì Fi Korò

Èyí ṣẹlẹ̀. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí okùn bàtà mi já lójú ọ̀nà tí kò nílé, kí òjò sì ká mi mọ́bẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ jẹun ná. Ẹni tí ebi ń pa kì í jiyàn ire.

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń jẹun pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa fi ẹnìkejì rẹ̀ ṣe oúnjẹ, wàrà dídì máa ń yọ́. Bí wọ́n bá gbé e kaná, á rọ̀, á sì di ọbẹ̀ funfun tó ń fà bí ilá. Kòkó náà dùn nígbà yẹn. Láti ara dé hóró, adùn ni. Wọ́n á yan hóró rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ di ọbẹ̀ dúdú.

Lọ́jọ́ ọdún, ìṣaasùn méjì ló máa ń wà lórí ẹyin iná láàárín agbo. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. Kálukú á mú igi tín-ín-rín. Á fi gún iṣu sísun, á tì í bọ inú funfun. Á fi gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, á tì í bọ inú dúdú.

Òfin kan ló wà níbẹ̀. Àgbà ló ń kọ́kọ́ ti igi bọ̀ ọ́. Títí igi àgbà yóò fi jáde, igi ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọlé. Òfin yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára rí, torí pé àgbà á rì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á yọ ọ́, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ó yá." Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ọmọ tí yóò fọ ìṣaasùn.

Opó kan wà tó ń jẹ́ Ẹfọ̀n. Ọyàn ara rẹ̀ ló fi ń ṣe wàrà. Á fún un sínú igbá, á gbé e kaná, á ta oje ewé bọmubọmu sí i títí á fi dì. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Àjàgbé. Àjàgbé rí ọmọbìnrin Àgbọ̀nrín, ó ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Àgbọ̀nrín kò kọ̀. Ó kàn ní òun á kó ará ilé òun wá síbi ọdún Ẹfọ̀n.

"Ilé tí kò lè bọ́ wa lọ́jọ́ kan," ó ní, "báwo ló ṣe fẹ́ bọ́ ọmọ wa lójoojúmọ́? Bí ẹnì kan péré nínú wa bá fi ebi padà sílé, kí ọ̀rọ̀ náà kú."

Ẹfọ̀n gbọ́. Ó fún ọyàn títí àyà fi ń ro ó. Ó sun iṣu, ó yan kòkó, ó lọ̀ ọ́ kúnná. Nígbà tí àwọn àna dé, ìṣaasùn méjèèjì ti ń ru gùdùgùdù lórí ẹyin iná.

Ìmàdò ni alárenà, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ilé méjèèjì. Lọ́jọ́ àna, alárenà ni àgbà, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n bí i. Ìmàdò mọ èyí dáadáa. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ló gé lọ́nà, èyí tó ní ihò nínú láti ìdí dé orí.

"Baba Alárenà, igi wà nílẹ̀ o," Ẹfọ̀n wí.

"Mo ti mú tèmi wá, ìyá ọkọ. Apá ń ro mí. Igi tó wúwo kì í bá mi lára mu."

Ló bá ti orí kan ọ̀pá náà bọ ìṣaasùn funfun, ó fi ẹnu gba orí kejì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Kò yọ ọ̀pá. Gbogbo agbo gbé igi dání, wọ́n ń wò ó.

Ìyá àgbà kan wà nínú àwọn Àgbọ̀nrín, ìyá ìyá ìyàwó. Eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, àmọ́ ẹnu náà ṣì mú.

"Ṣé fèrè ló ń fun ni?" ó bèèrè.

"Ẹ dákẹ́, ìyá," Àgbọ̀nrín sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Alárenà wa ni."

"Ṣé mo ní kì í ṣe alárenà ni? Bó bá jẹ́ fèrè ni, kó jẹ́ ká gbọ́ orin."

Iṣu ń tutù lórí igi. Ẹfọ̀n dúró, ó ń fi ọwọ́ kan fa ìkejì. A kì í sọ fún àgbà pé oúnjẹ tó. Bí Ìmàdò bá sì bínú dìde, ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ Àjàgbé mọ́? Ó tẹ̀ síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Baba, àwọn àna wa ń retí yín."

"Iyọ̀ rẹ̀ ni mò ń tọ́ wò," Ìmàdò fi igun ẹnu dáhùn.

"Iyọ̀ òkun ni?" ìyá àgbà wí.

Kò pẹ́, ìṣaasùn funfun dún fùrọ̀ọ̀. Ìmàdò yọ ọ̀pá, ó nu ètè. "Ẹ̀yin ọmọ, ó yá."

Àjàgbé sáré ti iṣu rẹ̀ bọ̀ ọ́. Iṣu ha ìdí ìṣaasùn gàrà. Ó yọ ọ́ jáde ní gbígbẹ. Kó tó gbójú sókè, Ìmàdò ti ki ọ̀pá bọ ìṣaasùn dúdú.

Àgbọ̀nrín kó ẹsẹ̀ jọ, ó fẹ́ dìde. "Àna mi, ọ̀nà wa jìn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé kí n jáde," Ẹfọ̀n wí, ó sì sáré wọ ilé ìdáná.

Odidi wàrà kan ló kù níbẹ̀, àti kòkó kan tí wọn ò tíì fọ́. Ó ju wàrà sínú ìkòkò, ó koná mọ́ ọn. Wàrà kò yọ́. Ó fẹ́ iná títí omi fi dà lójú rẹ̀. Wàrà jókòó síbẹ̀ bí òkúta.

"Wàrà, yọ́!"

"N kò yọ́."

"Ọmọ mi ló fẹ́ pàdánù ìyàwó yìí o!"

"Mo gbọ́. Bí mo bá yọ́, ta ni yóò jẹ mí?"

Ẹfọ̀n yí etí sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń gbọ́ bí Ìmàdò ṣe ń fà á níta.

"Ẹnu kan," Wàrà wí. "Ohun tó bá ti ń ṣàn, ẹni tí ojú ń kán jù ló ń gbé e mì. Èyí tó bá dúró lójú kan ni gbogbo ilé lè pín. Mú ọ̀bẹ."

Kòkó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀bá ògiri. "Ó ti kan èmi náà. Hóró mi ló wà lẹ́nu rẹ̀ níta yẹn."

"Kí lo fẹ́ ṣe?" Wàrà bi í.

"Màá korò."

"Àwọn ọmọ tó ń dúró fọ ìṣaasùn ńkọ́?"

Kòkó ní, "Màá ṣẹ́ tiwọn kù. Hóró mi ni yóò korò. Ara funfun tó bò ó, màá fi sílẹ̀ fún ọmọdé lá."

Igbe ta níta. Ìmàdò ti fa ọ̀pá yọ, ó ń tutọ́ kiri. "Yéè! Ta ló da ewúro sí i?"

"Ó mà ṣe o," ìyá àgbà wí. "Fèrè ti dákẹ́."

Ẹfọ̀n gé Wàrà wẹ́wẹ́, ó dà á sínú epo gbígbóná. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ funfun, kò yọ́. Ó gbé e jáde nínú àwo. Alárenà ló kọ́kọ́ fún: ẹyọ kan.

"Òmíràn ńkọ́?" Ìmàdò bèèrè.

"Ẹyọ kan ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, Baba."

Ìmàdò wò yíká. Gbogbo ojú ló wà lára ọwọ́ rẹ̀. Ó jẹ tirẹ̀.

Àwo yí agbo ká, kálukú fi wàrà jẹ iṣu tó wà lórí igi rẹ̀. Ìyá àgbà fi èrìgì jẹ tirẹ̀, ó ní ó rọ̀. Àwọn ọmọ rí tiwọn gbà. Ẹfọ̀n fọ́ kòkó fún wọn, wọ́n lá ara funfun náà, wọ́n tu hóró nù.

Àgbọ̀nrín padà jókòó. "Ebi kò pa ẹnikẹ́ni nínú wa," ó ní. "Àna mi, ẹ jẹ́ ká dájọ́ ìgbéyàwó."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹyọ wàrà kan ṣì kù nínú àwo. Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Wàrà, lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé wàá yọ́ fún wa?"

"Ẹ gé mi kí ẹ tó pín mi," Wàrà wí.

Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wàrà kò ti yọ́ mọ́. Ẹ dín in, ẹ sè é, á dúró. Láti ọjọ́ náà ni hóró kòkó ti korò, tí ara funfun tó bò ó sì ń dùn lẹ́nu ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ kí hóró náà dùn, kó wá ṣúgà.

Ohun tí Wàrà sọ kẹ́yìn nìyí: "Ẹ gé mi kí ẹ tó pín mi."