Omi Tó Ń Dún Lẹ́yìn Alànà

Láyé ìgbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni ọkọ̀ tí kálukú ní, ìyá kan ń gbé ní oríta ìlú Òkè-Ìṣàn. Ìbídùn ni wọ́n ń pè é. Bí àjèjì bá rìn dé oríta náà, tí ó rí igi ọdán kan àti àmù omi lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìbídùn ló dé yẹn. Ìyá náà yóò bu omi fún un, yóò jẹ́ kó mu ún tán, nígbà náà ni yóò wá sọ bí ọ̀nà ṣe rí fún un: odò tó kún, afárá tó ti jẹrà, ibi tí igi wó dí. Kò sẹ́ni tó fi iṣẹ́ yìí rán an. Ó kàn fẹ́ràn láti máa mọ nǹkan ni. Ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé kò ní tíì jókòó tán tí yóò fi bi í léèrè ohun tó rí lọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ikú bá dé láti mú un, yóò kọ́kọ́ bi ikú pé báwo ni ọ̀nà.

Ohun tó ń gbé àlejò wá sí Òkè-Ìṣàn kò ju omi kan lọ. Láti orí àpáta gíga ni omi náà ti ń já bọ́, ó funfun bí òwú, etí a sì máa gbọ́ ọ tipẹ́tipẹ́ kí ojú tó rí i. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn abiyamọ a gbé àkọ́bí wọn wá láti ìlú gbogbo, wọ́n á fi omi náà wẹ ẹsẹ̀ ọmọ kí ó lè rin ìrìn ire láyé. Àwọn mìíràn kò gbé ọmọ kankan lọ́wọ́. Ìran ni wọ́n wá wò, kò sì sẹ́ni tó dá wọn lẹ́bi, nítorí ìran náà tó ó wò.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ọ̀nà àtijọ́ gbà kọjá ya lulẹ̀, ibi tí ènìyàn ti ń rìn di ọ̀gbun. Orí bá gbogbo ìlú ṣe é, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà tó ya. Ọba ránṣẹ́ pe Abógunrìn, olórí àwọn alànà, ó ní kó la ọ̀nà tuntun gba inú igbó lọ sídìí omi. Kó jìnnà sí ọ̀gbun náà, kó sì parí kí àwọn abiyamọ tó dé.

Abógunrìn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ le, àdá rẹ̀ mú, kì í sinmi bí oòrùn bá ń ràn. N kò ní purọ́, ó tún fẹ́ràn ara rẹ̀ díẹ̀. Ó máa ń sọ pé bí òun bá la ọ̀nà, àfi bí ẹni na okùn. Kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn, nítorí pé àwọn ọ̀nà tó ti là ṣáájú kò gùn, wọn kò sì gba inú igbó ńlá kọjá.

Àwọn alànà Òkè-Ìṣàn ní àṣà méjì tí wọn kì í fi ṣeré. Èkíní ni pé alànà kì í bojú wẹ̀yìn, kì í sì í gba ojú ọ̀nà tí kò tíì ṣí padà sílé. Ọba ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Nítorí náà, inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn níwájú níbẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì ti ń lọ síwájú ni àgọ́ ń bá wọn lọ. Èkejì ni pé bí wọ́n bá kan igi ńlá, wọn kì í gé e. Wọ́n á yà fún un, wọ́n á sì jẹ́ kó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, nítorí ọwọ́ ọ̀tún la fi ń kí àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lẹ́nu ọ̀nà tuntun náà, lẹ́bàá ọdán Ìbídùn, wọ́n gbé ẹ̀ka igi tútù dábùú ilẹ̀. Ọmọdé gan-an mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ọ̀nà yìí kò tíì ṣí. Láràárọ̀ ni Látúnjí, ọ̀kan nínú àwọn alànà, máa ń gba etí odò wá sílé wá gbé oúnjẹ, Ìbídùn a sì dá a dúró.

“Látúnjí, ibo lọ̀nà dé?”

“Ó ti kọjá àràbà, Ìyá.”

“Báwo ló ṣe ń lọ?”

“Ọ̀gá ní ó ń lọ tààrà. Ẹ máa sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbídùn ń sọ fún àwọn arìnrìn-àjò. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń lọ sí àríwá, ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń ti gúúsù bọ̀, àwọn náà sì ń gbé e lọ sí ìlú wọn. Ó tún rán iṣẹ́ náà sí Àyọ̀ká, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ẹni tó wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn. Àyọ̀ká ti wo ojú Olúwa títí kó tó rí ọmọ gbé jó, ìyá rẹ̀ kò sì tíì rí ọmọ ọ̀hún sójú. “Ọ̀nà ń lọ tààrà,” ni iṣẹ́ tí Ìbídùn rán. “Gbé ọmọ mi wá.” Àyọ̀ká fèsì pé òun yóò wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé ọba wọ ọ̀nà náà. Láti ìgbà náà, Ìbídùn a máa kọrin nídìí àmù.

Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé nìyí, ibi tí o bá ní kó má dé ni ẹsẹ̀ yóò máa hún un láti dé. Ọkùnrin kan tó ru ẹní títà fo ẹ̀ka igi náà kọjá, ó lọ wo ọ̀nà tuntun, ó sì padà wá mumi lábẹ́ ọdán.

“Ìyá, ọ̀nà yín mọ́ tónítóní,” ó wí. “Ṣùgbọ́n ohun kan rú mi lójú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iwájú mi ni mo ti ń gbọ́ omi yẹn. Nígbà tó yá, etí ọ̀tún ni mo ti ń gbọ́ ọ.”

“Bóyá atẹ́gùn ni,” ni Ìbídùn wí.

“Ó lè jẹ́ atẹ́gùn lóòótọ́.”

Ó gbé ẹní rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ, ọ̀dọ̀ Ìbídùn ló kù sí. Ní ọjọ́ mìíràn, obìnrin kan tó rìn jìnnà lójú ọ̀nà tuntun ju ọkùnrin ẹlẹ́ní náà lọ dé, kò tíì fi ìdí kalẹ̀ tí Ìbídùn fi béèrè: “Ìyàwó, nígbà tí o dé ibi tó jìnnà jù, níbo lo ti ń gbọ́ omi?”

Obìnrin náà ronú díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan ìpàkọ́ ara rẹ̀.

Ìbídùn kò lè jẹun mọ́. Omi kì í ṣí kiri. Bí omi bá ti wà níwájú ẹni tẹ́lẹ̀, tó wá bọ́ sẹ́yìn ẹni, tí ẹni náà kò sì kọjá lára rẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀? Ó bi ara rẹ̀ títí, nígbà tí ìdáhùn kò dé, ó fún gèlè rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sì ń pọ́n àpáta tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, àpáta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó ń sinmi, ó ń mí, ó ń bú eékún rẹ̀, títí tó fi dé òkè. Nígbà tó wo ìsàlẹ̀, ó rí ibi tí igbó ti là. Ọ̀nà Abógunrìn bẹ̀rẹ̀ dáadáa lẹ́nu oríta. Lẹ́yìn náà ó yà sósì díẹ̀, ó tún yà sósì díẹ̀, ó ká bọ̀ bí ìrù ajá. Èéfín àgọ́ àwọn alànà ń rú níwájú rẹ̀. Ní iwájú èéfín náà, ewé díẹ̀ péré ló kù, lẹ́yìn ewé náà, ọ̀gbun ni.

Ẹ̀rù bà á. Kò ronú kan Abógunrìn o. Ọmọ tí Àyọ̀ká yóò pọ̀n ló ń rò, àti ẹnu ara rẹ̀ tó fi pè wọ́n.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba etí odò lọ. Kó tó dé àgọ́ ló ti ń gbọ́ ariwo wọn: àdá ń dún lára igi, àwọn ọkùnrin ń gbe orin iṣẹ́, Abógunrìn fúnra rẹ̀ ló ń dá a. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n kí i, wọ́n rò pé oúnjẹ ló gbé wá.

“Ìyá Àyọ̀ká, ẹ kú ìrìn. Kí lẹ bá wá?”

“Abógunrìn, ọ̀nà rẹ wọ́.”

Àwọn alànà wo ilẹ̀. Abógunrìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ nídìí àmù, èmi ni mò ń gégbó,” ó wí. “Ẹ wo igi tó wà níwájú yẹn. Òun ni mò ń lé bọ̀ láti àárọ̀. Ṣé mo yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀?”

“O kò yẹ̀. Èwo lo ń lé kó tó kan òun?”

“Èyí tó ti wà lẹ́yìn.”

“Ṣé òun àti èyí wà lójú kan náà?”

“Ìyá, ẹ mọ̀ pé alànà kì í bojú wẹ̀yìn. Ṣé ẹ fẹ́ kí n ba àṣà jẹ́ ni?”

“N kò ní kí o wo nǹkan kan,” ni Ìbídùn wí. “Ẹ sọ àdá sílẹ̀, ẹ pa orin, kí ẹ sì tẹ́tí. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ yín kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Abógunrìn fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà rin ọ̀nà jíjìn wá, kò sì dára kí ènìyàn kọ irú ẹ̀bẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Ó sọ àdá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yòókù náà sọ tiwọn sílẹ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, bí oòrùn bá ti yọ, àdá àti orin kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan mìíràn, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, oorun àárẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ omi náà, kedere, lẹ́yìn wọn.

Abógunrìn dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ibi tí kò retí. Agídí ṣì kù nínú rẹ̀ díẹ̀. Ó mú àdá, ó lọ sídìí igbó tó wà níwájú, ó sì gé e lẹ́ẹ̀kan. Ewé wó, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Kò sí igbó mọ́ níbẹ̀, ojú sánmà ló ń wò. Iyẹ̀pẹ̀ ya lẹ́bàá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bọ́ lọ sísàlẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Ó fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀. “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?” ó bi àwọn ènìyàn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ̀yìn yín là ń wò,” ni Látúnjí dáhùn. “Ẹ̀yin sì ń wo igi.”

Wọ́n wá ń rò ó papọ̀. Gbogbo igi ńlá tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n fi sí ọ̀tún nítorí ọ̀wọ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fi í sí ọ̀tún, òsì ni ẹsẹ̀ wọn ń yà sí. Yíyà kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Àpapọ̀ wọn ló gbé wọn padà sí ọ̀gbun tí wọ́n ń sá fún.

Ó dun Abógunrìn, ojú sì tì í, kò fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí láyé rẹ̀: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró sórí àpáta ẹ̀yìn ilé yín. Èmi kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yin kò jẹ èèwọ̀ kankan. Bí mo bá tún ń yà, ẹ ké sí mi.”

Ìbídùn gbé aṣọ funfun lọ́wọ́ gun àpáta láràárọ̀, eékún rẹ̀ ń dùn ún. Àwọn alànà gba etí odò padà sídìí àràbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Bí ó bá ju aṣọ sọ́tùn-ún, ọmọdé kan tí kì í ṣe alànà, tó dúró lẹ́yìn wọn, á ké sí wọn, wọ́n á sì yà sọ́tùn-ún. Àwọn igi ńlá ṣì ń bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún wọn kí aṣọ tó dá wọn padà, kò sí èyí tó bínú. Lábẹ́ ọdán, Látúnjí ló ń bá a bu omi fún àlejò, ó sì ń sọ òtítọ́ fún wọn: “Ọ̀nà wọ́, a ń tún un là. Ẹ ní sùúrù fún wa.”

Ọ̀nà ṣí kí àwọn abiyamọ tó dé. Ọba tẹ̀ ẹ́ lọ, Àyọ̀ká àti Ìbídùn tẹ̀lé e, ọmọ wà lẹ́yìn Àyọ̀ká. Iwájú ni wọ́n ti ń gbọ́ omi láti oríta títí dé ìdí rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ìbídùn ti gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra, tó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ omi, tí ọmọ náà figbe ta, tí ìyá àgbà náà sì sunkún ayọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọba rí ọ̀nà kejì tó yà sósì nídìí àràbà, ẹ̀ka igi tútù dábùú ẹnu rẹ̀. Ó bi Abógunrìn pé ta ló la èyí tó wọ́ báyìí.

Abógunrìn dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, èmi ni. Gbogbo ibi tí mo dúró sí ló tọ́ lójú mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló rí i.”

Ọba kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí Abógunrìn bá gba ọ̀dọ́mọkùnrin tuntun sínú iṣẹ́, kì í kọ́kọ́ fún un ní àdá. Yóò mú un lọ sídìí àràbà, yóò ní kó dijú, yóò fà á lọ́wọ́ jìnnà lójú ọ̀nà tí wọ́n pa tì náà, yóò sì ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ti ń gbọ́ omi. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ti nawọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, tí ó sì lajú pẹ̀lú ìyanu, Abógunrìn yóò wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún un, èyí tí àwa náà gbà lẹ́nu àwọn àgbà tí a fi ń pa á lówe títí dòní: Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.