Èjí Tí Wọ́n Pa fún Eléyín

Ọ̀jẹ̀dòkun ará Ìdí-Ẹmi kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, bí ẹni pé àwọn fúnra wọn kò fi agídí ba nǹkan jẹ́ rí. Òun ló ń wa katakata àwọn àgbẹ̀ abúlé náà. Ó lápá, ó láyà, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ ju oúnjẹ lọ. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé, bí èrò kan bá ti wọ̀ ọ́ lórí, kò sí ààyè fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn níbẹ̀ mọ́.

Katakata náà kì í ṣe ti Ìdí-Ẹmi nìkan. Àwọn àti ará Àbà-Àgbọ̀nrín ni wọ́n jọ ni ín. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, Ìdí-Ẹmi á lò ó fún ọjọ́ mẹ́jọ, lẹ́yìn náà àwọn ará Àbà-Àgbọ̀nrín á wá mú un lọ, ó sì di ọdún mìíràn. Ohun tí katakata ń wọ́ lẹ́yìn tó fi ń tú ilẹ̀ ni irin gbọọrọ kan tí wọ́n to ọ̀pá mẹ́sàn-án mọ́ nísàlẹ̀, tí ẹnu wọn tẹ̀ bí ẹnu ọkọ́. Eléyín ni àwọn ará abúlé ń pè é, ọ̀pá mẹ́sàn-án náà sì ni eyín rẹ̀.

Àbúrò bàbá Ọ̀jẹ̀dòkun kan wà ní abúlé náà, Ṣẹ̀gilọlá lorúkọ rẹ̀. Opó ni. Láwuyì ọkọ rẹ̀ fi oko kan sílẹ̀ fún un lẹ́bàá odò, igi òsàn méjì tí wọ́n jọ gbìn lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún ti ń da ìyá náà láàmú. Ọdún méjì gbáko ni kò lè ro oko yìí, koríko èkan sì gba gbogbo rẹ̀. Àṣà ilẹ̀ ní Ìdí-Ẹmi ni pé ilẹ̀ tó bá sùn lọ́dún mẹ́ta, ẹni tó bá jí i ló ni ín, irúgbìn ni wọ́n sì fi ń jí ilẹ̀. Láníyan, àbúrò Láwuyì, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé bí òjò ọdún yìí bá fi lọ tí ilẹ̀ náà ṣì sùn, òun yóò jí i. Kò sì jẹ̀bi, ọmọ tòun náà pọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò tó wọn. Gbogbo ìrètí Ṣẹ̀gilọlá wá di Eléyín.

Kí òjò tó rọ̀ lọ́dún náà ni Ọ̀jẹ̀dòkun ti ro èrò rẹ̀. Ó ní, nínú àáró, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bá ara wọn ro oko, ṣé ọkọ́ ẹni mẹ́sàn-án lè ṣe iṣẹ́ tí ọkọ́ ẹni mẹ́tàdínlógún ń ṣe ni? Ló bá wọ́ Eléyín lọ sọ́dọ̀ Ràímì jórinjórin, ó ní kó fi eyín mẹ́jọ kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àlàfo kọ̀ọ̀kan.

Ràímì yí Eléyín ká, ó họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé koríko ò ní há a báyìí?"

"Irin ni mo ní kí o jó, Ràímì. Mi ò ní kí o bi mí léèrè."

Ràímì jó o.

Lọ́jọ́ kìíní, oko tí iná ti jó mọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ sì tú kúnná bí èlùbọ́. Gbogbo èèyàn ń pariwo, "Ọ̀jẹ̀ o! O kú iṣẹ́!" Orí ẹni tí wọ́n ń yìn wú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì tí wọ́n wọ oko tí pòròpórò àgbàdo èṣí àti koríko wà, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Eléyín kì í rìn ju ogún ẹsẹ̀ lọ tí koríko fi máa dí gbogbo àárín eyín rẹ̀ pa. Kì í tú ilẹ̀ mọ́ nígbà náà, ńṣe ló ń gbá a lọ bí ìgbálẹ̀. Ọ̀jẹ̀dòkun á sọ̀ kalẹ̀, á fi àdá gé koríko, á fi ọwọ́ fà á, á tún gun katakata. Ogún ẹsẹ̀ sí i, ó tún dí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ kan ń di ti ọjọ́ méjì. Nígbà tó yá, ó sú àwọn mìíràn, oníkálukú gbé ọkọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní orúnkún tí yóò fi gbé ọkọ́ nìkan ló ń dúró.

Oko Ṣẹ̀gilọlá ló kẹ́yìn, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sì débẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, wọn kò tíì tú ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà. Èkan ti ya Ọ̀jẹ̀dòkun lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ó ju àdá sílẹ̀.

"Ìyá, ilẹ̀ yín yìí ló burú. Ó ti di igbó. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àwọn ará Àbà-Àgbọ̀nrín ń bọ̀ lálẹ́."

Ìyá náà wo igi òsàn méjì yẹn, omi lé ròrò sí i lójú. Ó fi oríkì pe Ọ̀jẹ̀dòkun.

"Àkànó, wá jẹun ná. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Ẹ̀kọ ló gbé wá, àti ọbẹ̀ ẹran ọ̀yà gbígbẹ. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi, wọ́n jẹun. Bí Ọ̀jẹ̀dòkun ti jẹ tán, ó ṣẹ́ igi tín-ín-rín kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta eyín. Ó ta tòkè, ó ta tìsàlẹ̀, ó ká ètè sókè, ó ya ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pẹ̀lú gbogbo ìbànújẹ́ ọkàn rẹ̀, ẹ̀rín pa ìyá àgbà.

"Kí lò ń wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹran ni, Ìyá. Eyín mi fún jù. Kò sí ohun tí mo jẹ tí kì í há sí i."

"Èmi ò wá igi ìtayín rí." Ó yánu, èjí rẹ̀ sì hàn gbangba láàárín eyín òkè méjèèjì. "Nígbà tó kù díẹ̀ kí n relé ọkọ ni ìyá mi mú mi lọ pa èjí yìí. Yé è, mo ké lọ́jọ́ náà! Wọ́n ní ẹwà ni. Láwuyì alára sọ pé èjí lòun kọ́kọ́ rí kí òun tó rí mi. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́ o. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá jẹ, ó ń rọ́nà gbà ni."

Bó ti sọ èyí tán, ó yíjú padà. Ó wo ẹnu ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo Eléyín níbi tó dúró sí pẹ̀lú koríko tó yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Àkànó! Ẹnu tìrẹ lo gbé fún un!"

"Ta ni, Ìyá?"

"Eléyín ni! Eyín ẹ̀ fún jù. Lọ pa èjí fún un!"

Ọ̀jẹ̀dòkun mirí. "Bí mo bá yọ eyín, ilẹ̀ àárín ò ní tú. Ṣé a kì í kó ọkọ́ pọ̀ nínú àáró ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí! Àáró wo lo lọ? Ta ló ń to ẹni mẹ́tàdínlógún sórí ìlà kan ṣoṣo, kí wọ́n máa fi ọkọ́ ṣá ara wọn?" Ìyá náà fi ọwọ́ tilẹ̀, ó dìde, ó fi igi ìtayín Ọ̀jẹ̀dòkun gún ilẹ̀ ní ihò-ihò. "Ẹni kan á ṣíwájú. Ẹnì kejì á fà sẹ́yìn díẹ̀, á kọjú sí àlàfo. Ẹni kẹta á tún bọ́ síwájú. Kò sí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù, kò sì sí ọkọ́ tó kan ọkọ́. Koríko náà á rọ́nà gbà."

Ọ̀jẹ̀dòkun tẹjú mọ́ àwọn ihò náà títí. Nígbà tó gbójú sókè, ojú ń tì í.

"Ràímì sọ ọ́ fún mi. Mi ò gbọ́. Ẹ foríjì mí, Ìyá, ilẹ̀ yín kọ́ ló burú."

"Sáré, jàre. Òòrùn ń lọ."

Ràímì kò sọ pé "Ṣebí mo wí," ojú rẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́. Ó gé eyín mẹ́jọ kúrò níwájú, ó jó irin gbọọrọ mìíràn mọ́ Eléyín lẹ́yìn, ó sì to eyín mẹ́jọ náà sára èyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí àlàfo tiwájú.

Òòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Ọ̀jẹ̀dòkun padà dé oko. Àwọn ará Àbà-Àgbọ̀nrín ti jókòó sábẹ́ igi òsàn, wọ́n ń dúró de katakata. Láníyan náà ti dé, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀jẹ̀dòkun kò kí ẹnikẹ́ni, ó wa katakata gba àárín èkan tó ga jù. Ogún ẹsẹ̀. Ogójì. Koríko ń wọ àárín eyín iwájú, ó ń yí gbirigbiri, ó ń jáde lẹ́yìn, ó ń sùn sórí ilẹ̀ tútù. Katakata kò dúró.

Kò tíì rìn jìnnà tí Ṣẹ̀gilọlá fi gbé igbá àgbàdo rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò dúró kí ilẹ̀ tú tán. Ó ń rọra fa ẹsẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ irúgbìn, ó ń fi ẹsẹ̀ bò ó. Orúnkún ń dùn ún, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láníyan dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bá a, ó bu àgbàdo nínú igbá náà, ó gba ìlà kejì.

"Aya ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ilẹ̀ yín ti jí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbìn ín kí ilẹ̀ tó ṣú."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn ará Àbà-Àgbọ̀nrín yí Eléyín ká, wọ́n ń bèèrè ta ló kọ́ Ọ̀jẹ̀dòkun lọ́gbọ́n yìí. Ó nawọ́ sí ìyá àgbà. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì rí èjí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn èèyàn bá ń há ara wọn mọ́ lórí iṣẹ́ kan, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fún ẹnì kejì rẹ̀ láàyè, àgbà Ìdí-Ẹmi á mí kanlẹ̀, á sì rán wọn létí pé: eyín tó fún ni ẹran ń há sí, eléjìí kì í wá igi ìtayín.